Olóyè Tí Ń Kọrin: Bí Mo Ṣe Wá Ilé Rẹ̀ Dé Orí Òkè Ìtálì

Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, ẹ̀yin ará Òṣòdì, mo ti dé o. Ara mi le, eyín mi pé, àpótí mi méjèèjì dé. Fìlà mi nìkan ni kò bá mi bọ̀, ẹ ó sì gbọ́ ibi tó wà. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ ti ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé omi máa ń di òkúta lọ́hùn-ún. Ó máa ń dì. Mo dúró lórí rẹ̀, mo sì ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi dídì ni mo torí rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ fìlà oyè ló gbé mi lọ.

Fìlà àti gòjé

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n: àbúrò bàbá mi, Bàbá Ráfátù, ni oyè ìdílé wa kàn. Kò sí ẹni tó bá a du ú. Kì í jà, kì í purọ́, ìrun márààrún kì í yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń kọ sákárà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ta gòjé rẹ̀, bó bá sì ti fà á, ẹni tó wà lóko ní Òkòtá á gbé ọkọ́ sílẹ̀.

Bàbá Bùsàrí, tó dàgbà jù lọ nínú ẹbí wa, ló kọ̀ ọ́. Ó ní, "Olóyè ni wọ́n ń kì, olóyè kì í ki èèyàn. Olóyè tó bá la ẹnu kọrin, fìlà á bọ́ lórí rẹ̀. Kó yan ọ̀kan, gòjé tàbí fìlà. Bí Iléyá bá kọjá tí gòjé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn la ó fi jẹ ẹ́."

Bàbá Ráfátù gbé gòjé kọ́ ara ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ìyá Ráfátù sọ fún mi pé ọkọ òun ti ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀.

Èmi ni mi ò lè pa ẹnu mọ́. Ẹ mọ̀ mí: akọ̀wé ni mí ní ibùdókọ̀ rélùwéè Òṣòdì, ìwé tí ẹlòmíràn bá sì jù nù, èmi ni mò ń kà á. Òyìnbó kan tó ń lọ sílé ló fi àpótí ìwé kan sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí ikán ti jẹ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, sọ nípa àwọn olórin ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní tírúbádọ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo kà á. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ níbẹ̀ jẹ́ ti Olóyè Rúfínò, tó ní òkè àti ilé olódi ní Ìtálì, ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Ọkùnrin yìí ní ẹṣin, ó ní ọmọ ogun, síbẹ̀ ó ń jókòó kọrin fúnra rẹ̀. Kò tún kọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀. Èdè àwọn ará òdìkejì òkè, tí wọ́n ń pè ní Òksítánì, ló fi ń kọ ọ́, torí pé èdè orin nìyẹn láyé ìgbà náà. Bí ìgbà tí ọmọ oyè Ìsọlọ̀ bá ń fi Ẹ̀gùn kọrin ni. Nígbà tí olórin mìíràn bá sì bú u nínú orin, kò rán ọmọ ogun sí i. Orin ló fi ń dá a lóhùn.

Mo dìde nínú ìpàdé ẹbí, mo ro gbogbo èyí.

Bàbá Bùsàrí bi mí pé, "O rí i?"

"Mo kà á ni, sà."

"Ìwé! Ohun tí ikán lè jẹ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Lọ síbẹ̀. Kí o dé ilé rẹ̀, kí o rí àwọn èèyàn rẹ̀. Bí wọ́n bá ní olóyè àwọn kọrin tí fìlà kò bọ́, kí o wá sọ ọ́ lójú mi."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbàgbé pé èmi ni mo rin ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹta lọ sí Òkè-Àfà láti ka pákó orí afárá, nítorí pé ẹnì kan ní mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, mo sì ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta. (Méjìlélọ́gọ́ta ni.)

Jẹ́nóà

Bí mo ṣe gba ìsinmi àti bí mo ṣe rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀ kò lè dùn yín létí. Kò dùn mọ́ èmi náà nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti etíkun Jẹ́nóà, níbi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá funfun, pẹ̀lú irinwó ọ̀rọ̀ èdè wọn tí mo ti há sórí.

Ará Jẹ́nóà kì í kí èèyàn. Mi ò bú wọn o. Mo kà á. Láti etíkun títí dé ilé tí mo wọ̀ sí, èèyàn mẹ́tàlélógójì ni mo kí kú àárọ̀. Ẹnì kan ló dá mi lóhùn, ọlọ́pàá sì ni, ó fẹ́ mọ ohun tí mo ń wá. Ṣùgbọ́n bí o bá ti jókòó tì wọ́n nídìí oúnjẹ, wọn á di ẹlòmíràn. Wọn á máa fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀, wọn á gbá ọ léjìká, wọn á bi ọ́ ní iye ọmọ tí o bí. Ìyá arúgbó kan di etí agbádá mi mú, ó bi mí bóyá bíṣọ́ọ̀bù ni mí. Mo ní rárá, akọ̀wé rélùwéè ni mí. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní òun ò gbà.

Ibẹ̀ náà ni orúkọ mi ti kó mi sí wàhálà. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá béèrè orúkọ mi, mo ní Sàlámì. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ pe àwọn tó wà nílé ìdáná, gbogbo wọn tò, wọ́n ń wò mí. Ọkùnrin náà wá na ìka sí ohun kan tó so rọ̀ lókè: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n kì sínú ìfun, tó gùn tó apá mi. Orúkọ tiẹ̀ náà nìyẹn. Èmi tí mi ò fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ pé Bàbá Kúdí ni orúkọ mi. Bí ẹnikẹ́ni ní Òṣòdì bá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, èmi àti ẹ̀ ni.

Ilé opó

Piẹtiragóbà ni ìlú Olóyè Rúfínò, orí òkè ló sì wà: ilé mọ́kànlélọ́gọ́rin, ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti òtútù tí kò lóǹkà. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan sáré wá bá mi, ó ń pariwo pé, "Jámbò! Jámbò!"

Mo ní mi ò gbọ́. Ó tún un pariwo, ó fi kún ohùn, bí ẹni pé etí ló ń dùn mí. Tíṣà Prímò nìyẹn, olùkọ́ ìlú náà. Nígbà ogun Hítílà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un lẹ́rú ogun, wọ́n fi í pamọ́ sí Kẹ́ńyà fún ọdún mẹ́rin. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ láti máa fi jámbò kí èèyàn, ó sì rò pé gbogbo ọmọ Áfíríkà ló gbọ́ èdè ibẹ̀.

Mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ èdè Jámánì?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹ ṣeun, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe ògbufọ̀ fún mi. Ó sì mú mi lọ wọ̀ sílé opó kan tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún.

Orúkọ ìyá yìí ni tọmọdé tàgbà ń pè mọ́ ọn lórí. Ẹnu mi kò gbà á. Mo béèrè orúkọ àkọ́bí rẹ̀, mo sì ń pè é ní Ìyá Náńdò. Nígbà tí Tíṣà ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó jókòó, ó ní kò sẹ́ni tó fi ọmọ pe òun rí. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn aládùúgbò náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì dá ẹni tó bá fi orúkọ pè é lóhùn mọ́.

Oúnjẹ wọn? Wọ́n ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo lórí iná bí a ṣe ń ro ọkà. Wọn kì í bu ú sínú àwo. Ìyá Náńdò dojú ìkòkò dé orí pákó fẹ̀ǹfẹ̀ kan láàárín tábìlì, kálukú sì ń jẹ láti iwájú rẹ̀ wá. Tíṣà gbé fọ́ọ̀kì, Ìyá Náńdò gbé fọ́ọ̀kì. Mo béèrè omi, mo fọ ọwọ́, mo bu òkèlè. Ìyá Náńdò wò mí títí, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́ tirẹ̀. Ó ní bí bàbá òun àgbà ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, kó tó di pé àwọn alákọ̀wé ní kó jáwọ́. Ọbẹ̀ wọn kò ní ata rárá. Mo bu ata gígún tí mo mú láti ilé fún Tíṣà, ó tọ́ ọ wò, ó sì sọ èdè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkùnrin òkúta

Lọ́jọ́ kejì mo ní kí Tíṣà mú mi lọ kí Olóyè Rúfínò. Ó ní kí n kọ́kọ́ wo ṣọ́ọ̀ṣì ná. Bó ṣe ń bá àlùfáà sọ̀rọ̀ níta, mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí, mo wọlé.

Mo rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọkùnrin òkúta kan sùn gbalaja lórí ibojì, idà wà láyà rẹ̀, ajá òkúta wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí mo ti ka ìtàn rẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án! Nílé wa, a kì í béèrè orúkọ àgbà kí a tó kí i. Mo kó etí agbádá mi jọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo fi àyà kan ilẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ará Ìsọlọ̀ ní kí n kí yín." (Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ fún Lèmọ́mù: ìkíni ni mo kí i, mi ò sìn ín.)

Àwọn ìyá méjì tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rò pé mo dákú. Ọ̀kan da omi sí mi lórí, èkejì ń fún mi ní ọtí líle mu. Ariwo wọn ló gbé Tíṣà wọlé.

"Bàbá Kúdí, kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

"Olóyè Rúfínò ni mò ń kí."

Ojú Tíṣà yí padà. "Rúfínò kọ́ nìyẹn. Ọ̀tá Rúfínò nìyẹn! Òun ló jó ilé rẹ̀. Rúfínò kò tilẹ̀ ní ibojì."

Mo dìde, mo gbọn agbádá. Mo yí sí ọkùnrin òkúta náà, mo ní kó dá ìkíni ará Ìsọlọ̀ padà fún mi.

Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀

Ilé Olóyè Rúfínò ku ògiri mẹ́ta àti ilé ìṣọ́ kan. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógójì ló ní, ìkẹtàdínlógún ti kán. Ewúrẹ́ mọ́kànlá Ìyá Náńdò ló ń gbé inú rẹ̀. Mo yọ ìwé mi jáde, mo sì ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá pé kí ni wọ́n mọ̀ nípa ẹni tó kọ́ ọ.

Asóbàtà ní, "Olè ni."

Ẹni tó ń ṣẹ́gi ní, "Olè ni. Ó máa ń dá àwọn oníṣòwò lọ́nà níbi afárá yẹn."

Ìyá Náńdò ní, "Olè ni, ṣùgbọ́n ti àdúgbò wa ni."

"Orin ńkọ́? Ṣé ẹ kò gbọ́ pé ó ń kọrin?"

Orin kẹ̀? Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Mo jókòó láàárín ewúrẹ́, gbogbo ara mi tutù. Ìrìn gbogbo òkun yẹn, kí n padà lọ sọ fún Bàbá Bùsàrí pé mo rí ilé olóyè náà, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ní olè ni? Bàbá Ráfátù á kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ tirẹ̀. Iléyá kò sì jìnnà mọ́.

Mo ka ojú ìwé kan àti ààbọ̀ náà fún wọn, Tíṣà ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní olóyè máa ń jẹ́ kí wọ́n fi orin bú òun, tí òun náà á sì bú wọn padà, Ìyá Náńdò dìde dúró.

"Ọjọ́ Túsìdeè nìyẹn!" ló wí. "Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá ń jọba lórí òkè ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ èébú náà. A ò mọ ìdí rẹ̀ rí."

Túsìdeè

Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ náà ń gba ààwẹ̀, ogójì ọjọ́. Túsìdeè tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n sì ń bú ara wọn. Gbogbo ìlú pé sójúde ṣọ́ọ̀ṣì. Baálẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní síńdákò, bọ́ síwájú. Bàbá tó sanra, tó ń ṣe wàrà, ó fi ọ̀já oyè aláwọ̀ mẹ́ta gba àyà rẹ̀ kọjá. Ó la ẹnu, ó sì kọrin bú asóbàtà. Asóbàtà kọrin bú u padà níwájú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ìlú ń pariwo. Baálẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀já kò kúrò láyà rẹ̀.

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí mo rí i pé baálẹ̀ ti na ìka sí mi. Ó kọrin, Tíṣà sì túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí:

*Àlejò wa wọ aṣọ fèrèsé.*
*Ẹ̀yin ìyá, ẹ sáré lọ sílé,*
*ẹ wo fèrèsé yín bó ṣì wọṣọ!*

Tíṣà ní, "Ẹ gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ẹni tó bá dákẹ́ kò lè bá wa jẹun."

Èmi, ọmọ ilé olóyè, tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé orin kì í ṣe tiwa! Mo ronú kan Bàbá Ráfátù àti gòjé ara ògiri, mo sì bọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ náà ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe máa bú àgbà lóòró? Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo dìde, mo wá gbé ohùn sákárà sókè:

*Ẹ má bínú, sà, ẹ̀yin baálẹ̀,*
*ikùn yín ló kọ́kọ́ dé ibi ayẹyẹ.*
*A kí ikùn, a fún ikùn níjókòó,*
*kí ẹ̀yin gan-an tó yọ lẹ́yìn rẹ̀.*

Nígbà tí Tíṣà túmọ̀ rẹ̀, ìyàwó baálẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti borí. Àwọn àgbà ìlú kó orí jọ, wọ́n ní mo ti pàdánù. Òfin wọn ni pé ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ti gbà pé òun ò lè ṣe é. Èmi sì ti sùn gbalaja kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀! Ẹni tó bá pàdánù ló ń fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fìlà àrán mi ṣe dé orí baálẹ̀ Piẹtiragóbà. Tíṣà ya fọ́tò rẹ̀: ọ̀já láyà, fìlà lórí, ẹnu là gbàgà, ó ń kọrin.

Ilé

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rìnlá nígbà tí ẹbí pé sí àgbàlá wa ní Ìsọlọ̀. Bàbá Ráfátù jókòó lábẹ́ gòjé rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọ inú. Mo ro gbogbo ohun tí mo ti rò fún yín yìí, àti ti olè náà. Mi ò fi ọ̀kankan pamọ́.

Bàbá Bùsàrí ò wò mí lójú. Orí mi ló ń wò.

"Fìlà rẹ dà?"

"Ó wà ní Ìtálì, sà."

"Kí ló ṣe é?"

"Mo... mo kọrin, sà."

Ó lu itan. "Ẹ gbọ́ o! Kí ni mo wí? Ó kọrin, fìlà bọ́!"

Ilé dàrú. Mo yọ fọ́tò jáde, mo nà án sí i. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Fìlà wa ló wà lórí ẹni yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Baálẹ̀ wọn nìyẹn."

"Ó sì ń kọrin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Fìlà kò bọ́."

Ó tún gbé e súnmọ́ ojú. "Orí rẹ̀ ló tóbi, ló fi há." Ó dá fọ́tò padà. "Kí lo tilẹ̀ kọ fún un?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo dìde, mo kọ ọ́. Bí mo ṣe dé ibi ikùn, mo rí i pé gbogbo ẹbí ti yí ojú sí ikùn Bàbá Bùsàrí, tó jókòó sórí itan rẹ̀ bí ìkòkò. Ó pẹ́ jù láti dáwọ́ dúró. Mo kọ ọ́ parí.

"Ikùn ta nìyẹn?"

"Ikùn baálẹ̀ Ìtálì ni, sà."

"Ó dà bíi pé mo mọ ikùn náà."

Bàbá Bùsàrí fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé ohùn kan tí a ò gbọ́ rí láti ọ̀fun rẹ̀:

*Bí ikùn mi bá ṣáájú mi dé òde,*
*ṣé ó tó ẹnu Sàlámì bí,*
*tó ti dé Ìtálì, tó ti bọ̀,*
*kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò l'Óṣòdì?*

Kí ó tó dé ìlà kẹta, gòjé ti ń dún lábẹ́ ohùn rẹ̀. Bàbá Ráfátù ti já a kúrò lára ògiri láìmọ̀. Ìyá Ráfátù fi gèlè bo ojú. Nígbà tí orin parí, Bàbá Bùsàrí àti Bàbá Ráfátù wo ara wọn bí àwọn tí wọ́n ká mọ́ ibi ọbẹ̀.

Bàbá Bùsàrí gbé ọwọ́ lọ sí orí, díẹ̀díẹ̀. Ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ fi í jẹ ẹ́," ló wí. "Pẹ̀lú gòjé rẹ̀." Ó wá na ọ̀pá sí mi. "Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ń kọ nǹkan sílẹ̀, kọ ọ́ pé èmi ni mo borí."

Mo ti kọ ọ́, sà.